Ìwé Onílẹ́tà Ńlá ti Bàbá Ìyàwó Mi

Òórùn kan wà tí n kò gbọ́ mọ́ láti ọdún pípẹ́: òórùn eruku gbígbóná lẹ́yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́, tó pò mọ́ òórùn yíǹkì àti ti bẹntiróòlù tó ń wọlé láti ara jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé. Òórùn ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn, ní Ìlobù, ní àwọn ọdún 1990. Yàrá kan ṣoṣo ni, ó kọjú sí títì. Nígbà ọyẹ́, a máa ń fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni bo ọmọ tuntun, nítorí eruku. Èmi ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíráma láàárọ̀. Ìyàwó mi, tó ti kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Òṣogbo kí a tó fẹ́ra, ló ni ṣọ́ọ̀bù gan-an. Bí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé lọ́sàn-án, èmi náà á jókòó tì í, n ó máa fi ìka méjì tẹ̀wé, òun á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. "Tíṣà," ni ó máa ń pè mí, "ṣé ẹ̀ ń wá lẹ́tà yẹn ni àbí ẹ̀ ń ṣọdẹ rẹ̀?"

Ìwọ náà á rántí irú kọ̀ǹpútà yẹn. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ funfun, gbogbo lẹ́tà ló sì rí bákan náà níbẹ̀. Bí o bá ní kó tẹ lẹ́tà kan tóbi bí èékánná, tí o ní kó tẹ òmíràn kéré bí èèrà, ìwọ̀n kan náà ni wọn yóò jẹ́ lójú rẹ̀; ó di ìgbà tí bébà bá jáde kí o tó mọ ohun tí o ṣe. Kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ èyí tí à ń fi sábẹ́ lẹ́tà. Bí a bá ti tẹ ìwé Yorùbá jáde, ìyàwó mi ni yóò mú bírò dúdú tí yóò máa fi ọwọ́ sàmì sí i, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a tó gbé e lọ ya ẹ̀dà. Ó máa ń ka ọ̀rọ̀ náà sókè díẹ̀ bó ṣe ń sàmì sí i, bí ẹni ń bá ìwé náà sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo lè jókòó gbọ́ ọ títí wọn yóò fi pe ìrun alásárì.

Ohun méjì ni a ní láti sọ fún kọ̀ǹpútà náà kó tó tẹ ìwé: bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó, àti bí ìlà kan yóò ṣe jìnnà sí èkejì tó. Bí o kò bá sọ ti èkejì yìí, fúnra rẹ̀ ni yóò wo lẹ́tà tí yóò sì fi àyè tó yẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n o lè tì í pa. O lè ní báyìí gẹ́lẹ́ ni kó ṣe, kò gbọdọ̀ sún síwá, kò gbọdọ̀ sún sẹ́yìn. Èmi fẹ́ràn títì í pa. Bébà kan tí a ṣẹ́ po, ojú ewé mẹ́rin ni, àwọn tó ń gbé ìwé ìsìnkú wá kì í sì í fẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ wọn gùn tó. Bí mo bá ti àlàfo ìlà pa síbi tó kéré, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn á wọlé. Mo ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n.

Ọmọ Ìfọ́n ni ìyàwó mi. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ lè gba Ìlobù kọjá wọ Ìfọ́n kó má mọ̀ pé òun ti kúrò ní ìlú kan, ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé ibẹ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì kí a tó bí mi, ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí ó sì tún ń gbóná. Bàbá ìyàwó mi kò kọ̀ mí nígbà tí mo wá tọrọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ó gbà mí. Ó gba ìdọ̀bálẹ̀ mi, ó dá mi lóhùn, ó sì ń pè mí ní Tíṣà Ìlobù. Ọdún mẹ́jọ tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, kò tíì ní kí n jókòó rí. Orí ìdúró ni mo máa ń jíṣẹ́ tí mo bá wá jẹ́, tí n ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìyá ìyàwó mi kú. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, aránṣọ ni. Òun àti Bàbá jọ wà ní Gánà ni, ní 1969 tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wa máa lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ alọ́wọ́ kan ni ó rù sórí dé Ìfọ́n, gbogbo ìyókù ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ló fi tọ́ àwọn ọmọ. Òun náà ló lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà nígbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ìyàwó mi sọ fún mi pé bí Bàbá bá ti kọ́ ìlà kan dé lọ́jọ́ náà, ìyá á dá ẹ̀rọ dúró, á ní, "Ó yá, kà á fún mi." Bàbá á kà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí Bàbá fi ń ka ìwé ìròyìn fún un bó ṣe ń ránṣọ.

Nítorí náà, nígbà tí fídáù ogójì ọjọ́ ń bọ̀, Bàbá ní kò sí ẹlòmíràn tí yóò ka ìtàn ìgbésí ayé ìyàwó òun létí àwọn ènìyàn. Òun fúnra òun ni. Ó sọ ọ́ lẹ́nu, ìyàwó mi kọ ọ́ sílẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kékeré olójú ewé mẹ́rin, ìyàwó mi sàmì sí i, a sì ya ẹ̀dà fún àwọn àlejò. Àlàfo ìlà rẹ̀, mo tì í pa bí ìṣe mi, ó sì dára púpọ̀ fún lẹ́tà kékeré. Ìyàwó mi wá kó lọ sí Ìfọ́n láti ṣètò oúnjẹ. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó ránṣẹ́ sí mi pé Bàbá kò rí ìwé náà kà, lẹ́tà rẹ̀ kéré jù fún ojú rẹ̀, kí n tẹ ọ̀kan ṣoṣo tó tóbi fún un. "Kí ẹ tètè gbé e wá," ló wí, "kí n ráyè sàmì sí i."

N kò tètè gbé e lọ. Iná kò sí, bẹntiróòlù sì ṣòroó rí lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tí iná dé fún bíi wákàtí kan, mo ṣí ìwé náà, mo ní kí lẹ́tà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó yí padà, bí mo ti sọ fún ọ. Mo dà á sórí dísìkì, mo fi rán ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lọ sí Òṣogbo pé kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde níbẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tiwa kò lè tẹ lẹ́tà ńlá tó mọ́lẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ fídáù gan-an ni ó gbé e dé, nínú àpò ìwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa. N kò já a. Mo ti pẹ́.

Ọlọ́kadà tó gbé mi sọ mí kalẹ̀ kí a tó wọ Ìfọ́n. Ó ní òun kì í kọjá ibẹ̀ lásìkò yẹn. Mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù nínú àgbádá. Àbúrò Bàbá, ọkùnrin aláwàdà tí ohùn rẹ̀ ga, ló kọ́kọ́ rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wá wo Tíṣà Ìlobù o! Ẹ kú ẹsẹ̀ rìn. Àbí ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ wa bọ̀ ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ìwé nìkan ni mo gbé wá."

"Ìwé ilẹ̀ ńkọ́!"

Àwọn àáfà ti parí àdúà. Òórùn àkàrà sàráà gba gbogbo agbo ilé, ìyàwó mi sì wà lẹ́yìnkùlé nídìí iná, a kò tilẹ̀ fojú kanra. Mo lọ tààrà, mo dọ̀bálẹ̀, mo na àpò ìwé náà sí Bàbá. Ó dìde nínú jálàbíà funfun. Ó wọ awò ojú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi òwú dúdú so apá rẹ̀ kan. Ó já a, ó ṣí i, ó gbé e sókè, ibi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo sì ti rí i.

Àwọn ìlà náà gun orí ara wọn. Mo ti sọ lẹ́tà di ńlá, ṣùgbọ́n àlàfo tí mo tì pa wà níbi tó wà, àyè lẹ́tà kékeré. Orí lẹ́tà ìlà kejì wọ inú ti ìkínní, ti ẹ̀kẹta wọ inú ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lọ títí dé ìsàlẹ̀, ó dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò.

"Ìyàwó mi," ni Bàbá kà. Ó dúró. Ó gbé bébà náà súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Ó bọ́ awò, ó fi etí jálàbíà nù ún, ó tún un wọ̀. "Ìyàwó mi," ló tún wí. Àwọn àlejò ń wo ìwé kékeré ọwọ́ tiwọn, nínú èyí tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti hàn kedere, wọ́n sì ń dúró dè é. Lẹ́yìn náà ló ká a, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ní ìlọ́po méjì.

"Ojú mi ni," ló wí. "Ẹ má bínú. Ojú mi ni."

Àbúrò rẹ̀ dìde kíá. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á." Ó kà á láti inú ìwé kékeré, ó kà á dáadáa, pẹ̀lú ohùn gíga rẹ̀ yẹn. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wo ilẹ̀.

Ìsẹ́jú kan wà tí mo lè fi sọ̀rọ̀. Mo ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà, mo sì mọ bó ṣe gùn tó: ó tó kí ènìyàn ní, "Bàbá, èmi ni mo ba ìwé náà jẹ́." N kò sọ ọ́. Mo wo agbo ilé Ìfọ́n tó kún fún ènìyàn, mo rántí ẹ̀rín ẹnu ọ̀nà, mo sì panu mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fa Bàbá lọ́wọ́ bí afọ́jú. Mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi: Bàbá ti fi awò ojú sínú dúrọ́ọ̀, Bàbá kò ka ìwé ìròyìn mọ́, ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ń mú un lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìyàwó mi sunkún ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Ogójì ọjọ́ péré, Tíṣà. Ìyá mi lọ, ojú Bàbá tẹ̀ lé e." Mo ní Ọlọ́run yóò ṣe é nírọ̀rùn. Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbé bébà náà bọ̀ láti Ìfọ́n. Bàbá ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀, kò wúlò fún òun mọ́. Ó ṣí i sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ká aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó tàn án, ó ṣí ìwé náà, ó tẹ bọ́tìnnì tó máa ń fi àwọn àṣẹ inú ìwé hàn. Àṣẹ mi wà níbẹ̀, ní òkè pátápátá: àlàfo ìlà, títì pa.

"Tíṣà," ló wí, "kì í ṣe ojú Bàbá."

"Mo mọ̀."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ mọ̀ kẹ̀? Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti ṣí i."

Bó bá pariwo ni, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ó kàn yí padà sí kọ̀ǹpútà, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. "Ìyá mi kì í fi ìwọ̀n ẹnìkan gé aṣọ ẹlòmíràn. Ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin dá aṣọ ọmọdé, ẹ wọ̀ ọ́ fún àgbàlagbà, ó fún un pa, ẹ wá jẹ́ kó rò pé òun ló sanra jù." Ó pa àṣẹ mi rẹ́. Ó ní kí àlàfo ìlà jẹ́ lẹ́tà kan àti ààbọ̀, kí ó máa ti ara lẹ́tà fúnra rẹ̀ wá. Bí lẹ́tà bá tóbi, kí àyè náà tóbi. Ó di ọjọ́ kejì kí bébà tuntun náà tó ti Òṣogbo dé. Ó mú bírò, ó sì sàmì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lókè àti nísàlẹ̀. Àyè wà fún ọwọ́ rẹ̀ báyìí. Lórí ti àkọ́kọ́, kì bá ti ríbi fi ẹnu bírò sí.

"Ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ," ló wí. "Kì í ṣe èmi."

Mo bá Bàbá lórí ìjókòó gígùn níwájú ilé, òun nìkan. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, aṣọ ló bò ó. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì dìde. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé ojú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, pé èmi ni, pé mo sì mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó na ọwọ́, mo fi bébà náà sí i. Ó ké sínú ilé pé kí wọ́n gbé awò ojú òun wá.

Ó ka ìlà kan, ó ka ìkejì, ó ka ìkẹta. Ẹnu rẹ̀ ń mì, n kò gbọ́ ohùn. Nígbà tó gbójú sókè, omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ̀yin ará Ìlobù," ló wí. "Ìlà ìwé lásán, ẹ ò fún un nílẹ̀!"

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ gbá ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Dìde nílẹ̀. Jókòó, kí n kà á fún ọ. Ẹni tí mò ń kàwé fún ti lọ."

Mo jókòó. Èmi ni mo tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ó kà á lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé àmì bírò ọmọ rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rù ní Gánà, ó gbójú sókè ó wò mí, bóyá mò ń gbọ́. Mò ń gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀nà bá dára tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì rọlẹ̀, mo máa ń lọ jókòó tì í lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó kà á fún mi ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ. Kò pè mí ní Tíṣà Ìlobù mọ́. Tíṣà lásán ló kù. Nígbà tó kú, wọ́n dá bébà náà padà fún wa.

Ó ti di ọdún kejì báyìí tí ìyàwó mi náà ti lọ. Ọmọbìnrin wa, tó ń ṣe iṣẹ́ ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì ní ìlú òkèèrè, bá mi sọ lẹ́tà fóònù mi di ńlá nígbà tó wálé, mo sì rí i pé àwọn ìlà náà sún fúnra wọn, wọ́n fún ara wọn láyè. Mo bi í bó ṣe jẹ́. Ó ní àwọn kì í fi ìwọ̀n kan pàtó ti àlàfo ìlà pa. Nọ́ńbà lásán ni àwọn ń kọ, bíi ẹyọ kan àti ààbọ̀, kó lè máa tẹ̀ lé lẹ́tà níbikíbi tó bá tóbi dé. Ó rò pé ohun tuntun ni òun ń kọ́ mi. Mo ní ó ṣeun. N kò lè sọ fún un nígbà náà pé ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú bébà Bàbá jáde. Yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣá, ṣùgbọ́n bírò dúdú náà kò ṣá, ó wà láàárín àwọn ìlà, lókè, nísàlẹ̀, ọwọ́ ìyàwó mi. Kọ̀ǹpútà òde òní mọ gbogbo àmì wọ̀nyẹn, kò sí ẹni tí yóò tún fi ọwọ́ ṣe é mọ́. Mo kà á sókè nínú pálọ̀. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀rọ ìránṣọ, mo gbójú sókè láìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti máa ń ṣe, mo sì rí àga kejì tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí, ó ṣófo.

Títí di ọjọ́ náà, mo rò pé ìwé kíkà ni mo gbà lọ́wọ́ bàbá àgbà yẹn, tí mo sì dá a padà fún un. Ìwé kíkà kọ́ ló ń wá. Ó ń wá ẹni tí yóò jókòó. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ gbogbo èyí, tí mo sì ní kí ọmọ mi fi àyè gbòòrò sáàárín ìlà rẹ̀, nítorí ojú ìwọ náà kò ní dà bíi ti àtijọ́ mọ́. Bí o bá kà á dé ibí, o ti bá mi jókòó nìyẹn. O ṣeun.